Ẹni Tó Wa Iṣu Bantè Kí Ọjọ́ Tó Pé

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù keje ọdún 1987, wọ́n ta iṣu tuntun ní ọjà Bantè. Ọ̀rọ̀ náà kò ní àríyànjiyàn nínú. Thècle rí iṣu náà, ó fọwọ́ kàn án, erùpẹ̀ ara rẹ̀ ṣì tutù, ó sì padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kejì kó má baà jẹ́ pé ojú ló ń tan òun jẹ. Kò sí ará Bantè kan tí kò mọ̀ pé òótọ́ ni. Ohun tó di wàhálà ni pé Thècle kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn.

Ọmọ Tíṣà Zéphirin ni Thècle, tíṣà tó fi ẹgba àti kátíkísìmù kọ́ ìdajì ìlú náà ní ìwé kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ̀ àwọn sístà ní Savalou ni ọmọbìnrin náà ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga; ibẹ̀ ló ti gbọ́ èdè Mahi, èdè àwọn ará Savalou, yékéyéké. Láti ibẹ̀ ó lọ sí yunifásítì ní Calavi, ó sì gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní lísáǹsì. Ọdún tó jáde gan-an ni ìjọba kéde pé òun kò gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde síṣẹ́ mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sílé bàbá wọn, wọ́n ń fi ìwé ẹ̀rí wọn fẹ́ atẹ́gùn sí ara wọn nínú ooru ọ̀sán.

Thècle kò fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Kútọnú, ó sì wọ ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan lọ láìní ẹni tó rán an. Olóòtú tó bá níbẹ̀ ń jẹ́ Isidore, ọkùnrin kúkúrú kan tí fáànù rẹ̀ kì í yí sí ọ̀dọ̀ àlejò. Isidore ka ohun tó kọ wá fún un, ó ní yunifásítì kì í kọ́ ènìyàn ní ìròyìn, ọ̀rọ̀ gígùn ló ń kọ́ wọn. Ó fi gègé fa ìlà gba inú ìwé náà títí ó fi ku gbólóhùn kan. Ó ní gbólóhùn yẹn dára.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí òun lè ṣe. Ó ní láti Savalou títí dé ẹ̀yìn Bantè, òun kò ní akọ̀ròyìn kankan. Ohun tó ń ti ibẹ̀ wá kò ju kí àwọn kámáráàdì, ìyẹn àwọn ènìyàn ìjọba, máa kí àwọn kámáráàdì. Kí Thècle padà sílé, kó máa fi ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ránṣẹ́. Bí ó bá di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ, ọjọ́ ọdún iṣu, tí ẹnikẹ́ni kò tíì lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó parọ́, tábìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí yóò jẹ́ tirẹ̀. Tábìlì yẹn ni Thècle gbé sọ́kàn padà sí Bantè. Nínú ọkọ̀ ló ti ro ibi tí yóò gbé gègé rẹ̀ sí lórí rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìlú fi gbọ́ pé ọmọ Tíṣà ti di akọ̀ròyìn, ìròyìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá a nílé. Ọkùnrin kan ní ewúrẹ́ òun bí mẹ́rin, kí wọ́n gbé àwòrán òun jáde. Ó ní àwòrán ti ewúrẹ́ kò pọn dandan. Òmíràn gun kẹ̀kẹ́ láti Pira wá sọ pé òun gbọ́ ejò tó ń kọrin, ṣùgbọ́n nígbà tí Thècle ní kó kọ orin náà, ó ní òun ti gbàgbé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Thècle ń bi gbogbo wọn: ṣé ẹ fojú ara yín rí i? Wọn a ní ọmọ àbúrò ìyàwó àwọn ló rí i. Wọn a sì bínú lọ. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kẹfà, wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyáàfin Ṣé-Ẹ-Rí-I, àwọn ọmọdé sì ń fi orúkọ náà kí i ní títì.

Àṣà ìlú náà lórí iṣu rọrùn láti sọ. Kó tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi iṣu tuntun kan ẹnu. Ní ọjọ́ náà, Bàbá Ògúndèjì, àgbà tó dàgbà jù nínú àwọn olórí ẹbí, ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lójú gbogbo ènìyàn, kí ìlú tó jẹ tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n nínú oṣù keje, iṣu àtijọ́ ti rọ bí okùn, inú oko sì ti ń fa ènìyàn lójú. Nítorí náà ìlú ti wá nǹkan ṣe sí i. Wọ́n ń tà á lábẹ́ ewé, wọ́n ń rà á láìdúnàádúrà, ẹni tó ń tà kì í wo ojú ẹni tó ń rà. Bó bá dé ilé, sísè ni wọ́n ń sè é. Kò sí ẹni tó jẹ́ gún un, torí pé ariwo odó máa ń dé ilé kejì. Ìlú tó fẹ́ràn iyán tó báyìí, kí gbogbo odó rẹ̀ dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ẹni tó bá ní ọgbọ́n díẹ̀ yóò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ.

Thècle mọ gbogbo èyí láti kékeré. Ṣùgbọ́n ó wò ó pé ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sọ, bí kò bá jẹ́ ìròyìn, kí ló ń jẹ́ ìròyìn? Ó kọ ọ́ ní ṣókí: ọjọ́, ọjà, iṣu, àti iye ọjọ́ tó kù kí ọdún tó pé. Ó fi rán awakọ̀ taksí kan sí Kútọnú. Isidore kò fa ìlà sí i rárá.

Bó bá jẹ́ pé ìwé ìròyìn nìkan ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tán síbẹ̀, torí pé ní Bantè, ìgbà tí ìwé ìròyìn bá ti di èyí tí wọ́n ń fi dì àkàrà ló tó ń dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n rédíò kà á. Wọ́n ń ka ohun tó wà nínú àwọn ìwé ìròyìn ní àwọn èdè ilẹ̀ wa láràárọ̀, nígbà tó sì kan Yorùbá, wọ́n ka iṣu Bantè ketekete, ní àkókò tí gbogbo ìlú ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́. Àwọn kan gbé abọ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn, tó jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀kọ ló wà nínú abọ́ tiwọn, ti ilẹ̀kùn.

Bàbá Ògúndèjì ránṣẹ́ pè é kí oòrùn tó mú. Àbúrò bàbá-bàbá rẹ̀ ni bàbá náà, ó sì ti gbé e pọ̀n lẹ́yìn rí, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ. A kò rí ẹni tó rántí rẹ̀. Kò pariwo. Ó béèrè àlàáfíà rẹ̀, ó béèrè àlàáfíà Mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré bàbá rẹ̀ tó ń gùn kiri, ó béèrè bí oòrùn Kútọnú ṣe rí. Ìgbà tí ìkíni tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri.

“Ọmọ mi, ohun tí o kọ yìí, irọ́ ni?”

“Rárá, Bàbá. Mo rí i.”

“Mo mọ̀ pé o rí i. Èmi náà lójú. Ta ló wá ní kí o sọ fún rédíò?”

Thècle ní òun kò sọ fún rédíò, ìwé ìròyìn ni òun sọ fún. Bàbá ní òun kò rí ìyàtọ̀ láàárín kí ènìyàn gun orí òrùlé pariwo àti kó rán ẹlòmíràn gùn ún. Ó ní àwọn ará Savalou ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ ọdún, báwo ni òun yóò ṣe la ẹnu lójú àlejò pé òun ni ẹni àkọ́kọ́? Ohun tó fẹ́ kò pọ̀: kí Thècle kọ òmíràn, kó sọ pé iṣu náà kì í ṣe iṣu Bantè.

Àwọn aláṣẹ dísítíríìtì kò dúró de ìyẹn. Wọ́n ti fi ẹjọ́ sùn ní Kútọnú pé akọ̀ròyìn kan ń ba iṣẹ́ àwọn àgbẹ̀ tó ń tiraka fún ìlọsíwájú orílẹ̀-èdè jẹ́. Isidore pe Thècle sórí tẹlifóònù ilé ìfìwéránṣẹ́, níbi tí gbogbo ẹni tó wá ra sítáǹbù ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní òun gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ òun kò wúlò fún àwọn tó ń pe òun. Kó wá orúkọ ẹni tó wa iṣu náà. Bí kò bá sí orúkọ títí di ọjọ́ ọdún, ìwé ìròyìn yóò tọrọ àforíjì, ẹlòmíràn yóò sì gba tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Thècle gun Mobilẹ́ẹ̀tì. Àríyìkẹ́ ló kọ́kọ́ lọ bá, ìyá oníṣu tó jẹ́ pé lábẹ́ ewé tirẹ̀ ló ti rí iṣu náà. Àríyìkẹ́ fún un ní àpótí jókòó, ó ní òun kò sẹ́, òun tà á, ṣùgbọ́n iṣu Pira ni. Ní Pira, wọ́n ní iṣu tiwọn kò tíì tó wà, kó lọ béèrè ní Akpassi, àwọn ará Akpassi ni kò ní sùúrù. Ní Akpassi, wọ́n gbé iṣu sísè kalẹ̀ fún un lábẹ́ igi kajú, ó funfun, ó ń rú èéfín, ó ń fọ́ fúnra rẹ̀ nínú abọ́. Ó bi wọ́n bóyá tuntun ni. Baálé ilé náà tẹjú mọ́ abọ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án, ó ní ti èṣí ni, àwọn kàn tọ́jú rẹ̀ dáadáa ni. Thècle jẹ ẹ́ tán, torí ebi ń pa akọ̀ròyìn náà. Wọ́n wá sọ fún un pé ní ti iṣu ọjà Bantè yẹn, Savalou ló ti wá, kó lọ bi àwọn Mahi.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Savalou. Ọkùnrin kan tó ń kó iṣu sínú ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ gbọ́ ìbéèrè rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ẹrù. Ó fi èdè Mahi ṣàlàyé fún un pé iṣu tuntun tí òun ń kó yìí, Kútọnú ni òun ń gbé e lọ fún àwọn kámáráàdì ńláńlá tí kò lè dúró de ọjọ́ ọdún, àti pé Bantè ni òun ti rà á, lọ́wọ́ ìyá kan tó ń jẹ́ Àríyìkẹ́.

Báyìí ni iṣu náà ṣe yí agbègbè náà po láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wà á.

Ní gbogbo ìgbà tí Thècle ń lọ tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ Jimoh ló ti ń ra epo. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Jimoh, ó ti ń gbé Bantè láti ìgbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣì ń jẹ́ Dahomey. Ó ń ta ṣúgà, ó ń ta bátìrì, ó sì ń ta kpayo, epo Nàìjíríà tí wọ́n ń rọ sínú ìgò lẹ́bàá títì. Alájì ni gbogbo ìlú ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Parakou ni ibi tó jìnnà jù tó tíì lọ láti ìgbà tó ti dé. Ó máa ń sọ pé èdè Ìṣà tí àwọn ará Bantè ń sọ, Yorùbá tó ń sáré ni. Àwọn náà a ní tirẹ̀ ni Yorùbá tó ti sanra jù láti sáré. Nígbà tí Thècle ti Savalou dé tí eruku bò ó dójú, Jimoh ń da epo sínú Mobilẹ́ẹ̀tì, ó sì bá a sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

“Ọmọ Tíṣà, kọ orúkọ mi síbẹ̀.”

“Orúkọ yín kẹ̀, Alájì? Ẹ̀yin tí ẹ kò ní oko?”

“Ìyẹn gan-an ni mo fi dára. Mùsùlùmí ni mí, àjèjì ni mí, ọdún yín kò kàn mí. Bí ọmọ Bantè bá wà á, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bí Jimoh bá wà á, àìmọ̀ ni. Wọn á ti dárí jì mí kí wọ́n tó fọ abọ́.”

“Ṣùgbọ́n ẹ kò wà á.”

“Ṣé ẹni tó wà á ni Kútọnú ń béèrè, àbí ẹni tó máa sọ pé òun wà á?”

Thècle bi í pé ta ló rán an. Jimoh ní kò sí ẹni tó rán òun, àánú rẹ̀ ló ṣe òun, àti pé bí ó bá ń kọ ọ́, kó má gbàgbé láti sọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù òun wà. Thècle ní òun kì í kọ ohun tí òun kò bá fojú rí. Bó bá jẹ́ pé àgbẹ̀ ni, kó mú òun lọ sí oko rẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ yóò parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Jimoh ránṣẹ́ pé oko ti wà nílẹ̀.

Oko náà wà lẹ́yìn ìlú, lọ́nà Akpassi. Thècle mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ibẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ti ń lé ẹyẹ nígbà èwe. Oko ẹbí Ògúndèjì ni. Àwọn àgbààgbà ìlú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣèèṣì ń kọjá, tí wọ́n sì ṣèèṣì gbé àga dání. Jimoh wọ búbá funfun, ó gbé ọkọ́ tuntun kan tí bébà ìtajà ṣì lẹ̀ mọ́ irin rẹ̀. Ó gbé ọkọ́ náà sókè bí ẹni tó fẹ́ pa ejò, ó sọ ọ́ mọ́ ebè, ó sì gé iṣu sí méjì. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọjá mí kanlẹ̀, ó yí àga rẹ̀ sẹ́yìn kó má baà rí èyí tó kù.

Thècle bi Jimoh pé ìgbà wo ló gbìn ín. Jimoh ní oṣù tó kọjá ni. Àwọn tó ń kọjá wúkọ́. Ó ní rárá, ó tó oṣù méjì. Wọ́n tún wúkọ́. Ó ń fi oṣù kún un lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé inú ọyẹ́ tó kọjá, ikọ́ náà sì lọ.

Thècle jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, ó ro tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó rò ó pẹ́. Nígbà tó kọ̀wé, kò sí irọ́ kan nínú ohun tó kọ. Ó kọ ọ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Jimoh, tó ń ta epo lójú títì Bantè, sọ fún akọ̀ròyìn pé òun ni òun wa iṣu náà. Ó kọ ọ́ pé akọ̀ròyìn fojú ara rẹ̀ rí ọ̀gbẹ́ni náà níbi tó ti ń fi ọkọ́ wa iṣu. Òótọ́ ni ti àkọ́kọ́. Òótọ́ ni ti èkejì. Ohun tó so méjèèjì pọ̀, òǹkàwé ni yóò fi síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá Calavi ní orúkọ kan fún irú nǹkan báyìí. Isidore ní orúkọ fún un: ó ń pè é ní iṣẹ́.

Rédíò ka ìyẹn náà, inú ìlú sì dùn. Àwọn tí kò ra epo lọ́wọ́ Jimoh rí wá ń rà á kí wọ́n lè wo ojú ọ̀daràn. Àwọn àgbààgbà pè é síta, wọ́n bá a wí gidigidi, wọ́n sì ní kó mú àgbò kan wá fún ìtanràn. Jimoh dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó fa àgbò kalẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí wọ́n tú okùn ọrùn rẹ̀, àgbò náà kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó gba àárín àwọn àgbààgbà kọjá, ó wọ àgbàlá Bàbá Ògúndèjì lọ, ó sì dùbúlẹ̀ sí ìdí ògiri níbi tí kòtò kan ti wà tó bá ara rẹ̀ mu rẹ́gí. Gbogbo ènìyàn gbà pé àgbò náà lọ́gbọ́n.

Isidore tún pe ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn tó wá ra sítáǹbù gbọ́ ọ pé tábìlì náà ti di ti Thècle láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, bó bá sáà lè kọ ìròyìn ọdún iṣu tí ìdààmú kankan kò ní tẹ̀lé e. Ó ní kó kọ ohun tí wọ́n bá sọ níwájú gbogbo ènìyàn, kò gbọdọ̀ fi kún un, kò sì gbọdọ̀ yọ kúrò nínú rẹ̀. Obìnrin tó ń ta sítáǹbù kí i kú oríire kó tó gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ pé, ọjọ́ Sátidé ni. Àwọn àlejò ti Savalou wá. Olórí dísítíríìtì bá ìlú sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn nípa àgbẹ̀ àti ìlọsíwájú títí tí òjìji fi kúrò lára àwọn tó jókòó sí iwájú. Jimoh wà lára wọn, wọ́n fún un ní àga tó dára. Thècle dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, gègé lọ́wọ́. Nígbà tí olórí dísítíríìtì parí, ó gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀ níwájú Bàbá Ògúndèjì, kò sì sí ẹni tó rántí láti pa á.

Wọ́n gbé iṣu sísè wá. Bàbá mú ẹyọ kan, ó fi han ọ̀run, ó fi han ilẹ̀, ó sì gbé e sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ojú rẹ̀ pa dé bí ti ẹni tó ń bá ohun kan pàdé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gbé e mì. Ó ní òun ti tọ́ ọ wò, kí ìlú máa jẹ. Ìlú hó. Inú Thècle balẹ̀. Ó kọ ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́.

Nígbà náà ni bàbá mú ẹyọ kejì, ó jẹ ẹ́, ó sì rọra tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ Tíṣà Zéphirin tó jókòó tì í. Ohùn jẹ́jẹ́ ni ó fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé e dé ṣọ́ọ̀bù Jimoh lójú títì. Olórí dísítíríìtì tẹjú mọ́ ọ̀run bí ẹni tó ń wá òjò. Jimoh tún fìlà rẹ̀ ṣe. Gbogbo ènìyàn yíjú sí Thècle, wọ́n ń wo gègé ọwọ́ rẹ̀, Tíṣà Zéphirin kò sì mọ ibi tí yóò wò. Ohun tí bàbá sọ fún un nìyí:

“Zéphirin, èyí dùn o, àmọ́ kò tó ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.”